Àwọn Àparò Ló Ń Fi Omi Wa Wẹ̀

Orrin,

Mo mọ̀ pé ìwọ lo ṣí ìdérí ìsàlẹ̀ táǹkì omi lánàá, kí ilé onítáyà wa lè fúyẹ́ láti gun òkè. Ọgbọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé aginjù, o ò dé e padà.

Bí o ṣe lọ ṣa òkúta láàárọ̀ yìí, mo wa píkọ́ọ̀pù lọ pọnmi nílùú. Mo ki àrọ bọ ẹnu táǹkì, mo ń rọ omi sí i ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì. Kò kún. Twyla yọjú láti inú ilé tirẹ̀, ó ní, "Lavonne, kí lẹ gbìn sábẹ́ ilé yín tí ẹ ń bomi rin?"

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilé. Àwọn àparò ti kó ọmọ wọn wá síbẹ̀, wọ́n ń wẹ̀.

Mo ti dé ìdérí náà. Kẹ́ẹ̀gì kan tó kù lórí tábìlì, omi kọfí mi ni, má fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ṣófo wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni mo fi tẹ ìwé yìí mọ́lẹ̀.

Mo ti lọ wẹ̀ lọ́dọ̀ Twyla. Tí ìwọ náà bá fẹ́ wẹ̀ kí o tó lọ pọnmi, bẹ àwọn àparò kí wọ́n sún fún ọ.

Lavonne