Iyàn Bọ́ọ̀lù Fẹ́ Da Ìgbéyàwó Ọmọ Mi Rú

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Largo, ní Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé.

Lọ́jọ́ Àìkú, àfẹ́sọ́nà ọmọ wa àti ọkọ mi ń jiyàn lórí àwọn tó ń sáré hán bọ́ọ̀lù nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà: ta ló yẹ kó wọ Hall of Fame, ilé tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn àgbà òṣèré? Ọkọ mi ní Art Monk ni, òṣèré Washington tí wọ́n fò dá lọ́dọọdún títí wọ́n fi mú un wọlé ní 2008.

Ọmọkùnrin náà ní, "Sà, kò yẹ kó wọlé; ó kàn pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni."

Ọkọ mi, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fógún ọdún láìgba ìgbéga, dìde. "Ẹni tí kò mọyì irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ ọmọ mi."

Ẹnu yà mí. Mi ò mọ̀ rí pé ibẹ̀ ń dùn ún. Ọmọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́, àmọ́ ọkọ mi wọ yàrá lọ, ọmọ wa sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ni kí n kọ́kọ́ tù nínú: ọkọ mi ni, àbí ọmọ wa?