Géèjì Táyà Bàbá Rẹ àti Géèjì Bàlúù Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òrùlé ibi tí o ń gbé kò jò, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Àwa nílé wà, ara le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àfi bàbá rẹ tó ní kí o sọ̀ kalẹ̀ nínú bàlúù tí o ń kọ́ láti wà yẹn kí o máa bọ̀ nílé, pé o ò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lẹ́tà rẹ ló dá a sílẹ̀. O ní géèjì kan wà níwájú rẹ tó ń wo atẹ́gùn inú páìpù ẹ́ńjìnnì, pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń sùn, ọwọ́ géèjì á wà lókè téńté lórí ọgbọ̀n, bó bá jí tó ń mí jẹ́jẹ́, á já wálẹ̀. Bàbá rẹ bá wo géèjì tó fi ń wọn táyà kẹ̀kẹ́ àwọn oníbàárà, ó wà lórí tábìlì jẹ́ẹ́, òdo ló ń kà. Ó ní géèjì tí kò ṣe iṣẹ́ kankan tó ń ka ọgbọ̀n, òpùrọ́ ni, wọ́n ti gbé bàlúù jìbìtì lé ọmọ òun lọ́wọ́.

Èmi ò bá a jà. Bí ọmọ ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Mo mú rọ́bà gbọọrọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ kan díẹ̀, mo ń fa atẹ́gùn láti ẹnu kejì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wọlé. Mo fà á kíákíá láì gbé àtàǹpàkò kúrò, ó tún wọlé sí i. Mo ṣí àtàǹpàkò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ padà sípò. Ìgbà tí n kò wá fa nǹkan kan rárá ńkọ́? Atẹ́gùn ìta ti kún inú rọ́bà tẹ́lẹ̀ ni! Mo sọ fún bàbá rẹ pé ẹnu mi ni ẹ́ńjìnnì, àtàǹpàkò mi ni ilẹ̀kùn kékeré inú páìpù tí o ní o máa ń ṣí bí o bá fẹ́ gbéra, pé géèjì táyà kì í ka atẹ́gùn tí gbogbo wa ń mí, ti bàlúù ń kà á mọ́ ọn, òun ló fi ń ka ọgbọ̀n bí ẹ́ńjìnnì bá ń sùn.

Ó ní irọ́ ni. Ó gba rọ́bà, ó fà á tagbáratagbára, rọ́bà gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Àsìkò yẹn gan-an ni télọ̀ ìsàlẹ̀ òpópónà wá gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ó rọra gbé kẹ̀kẹ́ lọ láì béèrè bóyá a ti tún un ṣe.

Ohun kan ni kò tíì yé mi: bí ẹ́ńjìnnì bá ń mu atẹ́gùn tó báyìí, tí atẹ́gùn sì jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni wọ́n tún ń ra epo fún? Fọgbọ́n bi àwọn ọ̀gá rẹ, ó lè jẹ́ wọn ò tíì rò ó.

Jọ̀ọ́, fi owó rọ́bà tuntun ránṣẹ́, èyí tí ahọ́n bàbá rẹ ti wọ̀ kò ṣe é tà mọ́.

Bàbá rẹ ní kí n má kọ ọ́ síbí pé òun ti gbà. N kò kọ ọ́. Lọ ṣe ìdánwò rẹ.

Wẹ́rẹ́ ni wàá gbéra, wẹ́rẹ́ ni wàá balẹ̀. Bí o ti wù kí o gòkè tó, ilẹ̀ á dúró dè ọ́. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.