Bàbá Rẹ Kúnlẹ̀ Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kò Dìde

Renita ọmọ mi,

Ṣé òtútù Chicago ò mú ọ jù? Ṣé Darnell ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìjì gbé òrùlé wa lọ kò ní jẹ́ kí ohunkóhun gbé ọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ara èmi náà le díẹ̀. Ilá ti so, adìẹ Odessa aládùúgbò wa sì tún ti wọ inú rẹ̀.

Ọmọ mi, ọkàn mi ò balẹ̀ lórí bàbá rẹ. Àwo orin tó ṣe láyé àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ṣàdédé ń jó sí yẹn ló fà á, tí wọ́n fi wá mú un kúrò nídìí ọkọ̀ ọmọ ilé ìwé tó ń wà, tí wọ́n ní kó máa kọrin láti ìlú dé ìlú. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ la iṣan ọkàn rẹ̀ ní èṣí!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń wò ó nínú fóònù tí o rà fún mi. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ wúrà, ó ń kọrin ní Cleveland, ó lọgun, ló bá kúnlẹ̀ gbì, ló bá dákẹ́. Kò dìde mọ́. Nǹkan róbótó kan wá ń yí lórí rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí. Mi ò jẹ́ pa fóònù náà, kó má baà há síbẹ̀. Mo gbé e lé orí ìrọ̀rí bàbá rẹ, mo ń fi àdúrà tì í lẹ́yìn. Díákónì Purvis tún wá dá kún un, wọ́n ka ìwé ìròyìn fún mi pé ní Detroit, gbogbo ìjókòó ni wọ́n ti tà tán. Mo ní bí wọ́n bá ti ta ìjókòó, orí kí ni àwọn èèyàn fẹ́ jókòó lé, ṣé wọn ò ní rọ́ lu bàbá rẹ lórí pèpéle ni?

Lọ́jọ́bọ̀ ló pe fóònù ilé. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní lójú ẹsẹ̀ lòun dìde, òun sì kọ orin mẹ́rin sí i, àgbà ọkùnrin ń sunkún. Mo bi í nípa oògùn rẹ̀, ó ní obìnrin tó ń fọn fèrè fún òun kì í jẹ́ kóun gbàgbé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń já. Ó wá ní, "Ìyá Renita, ibi gbogbo ń kún, wọ́n ń pariwo orúkọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò rí ojú kan níbẹ̀ tó mọ̀ mí nígbà tí mi ò ní nǹkan kan."

Renita, n kò lọ wo bàbá rẹ níbi tó ti ń kọrin rí. Nígbà èwe wa, mo ní orin ayé ni, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì. Memphis ni yóò ti kọ ti ìkẹyìn, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí. Mo lọ sí ilé ìkàwé láti gba ààyè nínú bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà wọn ní kí n kọ́kọ́ jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́rin! Mo bínú lọ sílé.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi ti bàtà kún un, èyí tí mo ní ti lanu. Má sọ fún bàbá rẹ. Mo fẹ́ kó gbójú sókè kó kàn rí mi ni.

Ayé á gbọ́ orúkọ tìrẹ náà, ilé ò sì ní gbàgbé ojú rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ernestine Tolliver