Agbárí Inú Àtíbàbà Bàbá Rẹ

                                        Abúlé Vatusagi,
                                        Ìwọ̀-Oòrùn Guadalcanal,
                                        Erékùṣù Solomon.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2014.

Perpetua, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ìwé yìí bá ọ? Ruben ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ Lusia ọmọ rẹ tó kán ti jinná, ṣé ó ti ń sáré kiri? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òru yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbé ọ kúrò níbẹ̀? Mo mọ̀ pé àwọn ará Brisbane kì í ka òtútù wọn sí òtútù, ṣùgbọ́n ọmọ Vatusagi ni ìwọ. Máa wọ ìbọ̀sẹ̀.

Níbí, a dúpẹ́. Òjò tètè dé lọ́dún yìí, ó gbé afárá odò lọ, a sì ti tún un ṣe. Màmá mi, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ń jẹun dáadáa, ojú wọn nìkan ni kò ríran mọ́ rárá. Bàbá rẹ wà láàyè, ara wọn sì le. Mo tètè sọ ọ́ kí àyà rẹ má baà já. Àmọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ ju "mo gbọ́" lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jókòó láti kọ lẹ́tà yìí sí ọ fúnra wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fa ìwé náà ya. Ni wọ́n bá gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Nítorí náà, jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Ọ̀rọ̀ agbárí inú àtíbàbà ni. O kéré nígbà tí wọ́n rí i, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá rẹ ń gbẹ́lẹ̀ fún kókò ní àfonífojì ẹ̀yìn oko kòkó wa, ọkọ́ wọn kan akoto irin ti ọmọ ogun Japan, ìgò omi rẹ̀, àti agbárí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gbogbo wa gbà pé ẹni tó ni akoto ló ni orí. Bàbá rẹ gbé akoto lé e, wọ́n kọ́ àtíbàbà sí i lórí, wọ́n kó ọta ìbọn àti abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ òfurufú tì í, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọdún mọ́kànlélógún rèé.

Ìyá kan ní Japan gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu ẹnì kan tó wá síbí. Hisae Morikubo ni orúkọ rẹ̀, ọdún kan náà ni wọ́n bí òun àti bàbá rẹ. Bàbá tirẹ̀ kú sínú igbó wa kí wọ́n tó bí i. Àpótí tí wọ́n gbé wá fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ogun, òkúta ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan tó padà délé sọ pé ẹ̀bá odò wa ni òun fi í sílẹ̀ sí, kò lè rìn mọ́. Hisae kọ̀wé sí bàbá rẹ, bàbá rẹ sì gbà láti yọ̀ǹda agbárí náà fún un. Àdéhùn ni pé kó kọ́kọ́ wá fojú rí i, kí àwọn aṣojú ìjọba méjèèjì tó wá tọwọ́ bọ̀wé. Dókítà ti sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò lè gba ìrìn àjò mìíràn lẹ́yìn èyí.

Ìwọ náà mọ ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò tí mo ń ṣe amọ̀nà fún, wọn kì í gbé ènìyàn méjì jáde. Wọ́n da àwọn tó wá wo ogun mọ́ àwọn tó wá wo ẹranko, kí bọ́ọ̀sì lè kún. Báyìí ni ìyá náà àti Chinatsu, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, ṣe jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun sẹ́yìn Terrence, ará Townsville kan tó gbé kámẹ́rà tó tóbi bí ọmọ tuntun kọ́rùn. Àpótí igi kékeré kan wà lórí itan ìyá náà, aṣọ funfun wà nínú rẹ̀. Kò gbé e sílẹ̀ láti àárọ̀.

Mo mú wọn gun òkè ibi ìrántí, mo mú wọn dé etíkun ibi tí àwókù ọkọ̀ ojú omi wà. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí. Ìyá náà kàn ń wo igbó. Nígbà tó di ọ̀sán, a dé ọ̀dọ̀ Jino, ẹni tó ń sin ọ̀nì. Terrence fẹ́ rí i bí wọ́n ṣe ń ju adìẹ sí i, wọ́n sì jù ú. Ìyá náà ní kí Chinatsu béèrè iye ọdún tí ọ̀nì ń lò láyé.

Jino tí kì í ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́ dáhùn pé, "Ọ̀nì? Á gbó ju èmi àti ẹ lọ. Àmọ́ ọmọdé ṣì ni eléyìí. Bàbá ẹ̀ ló jẹ àwọn sójà."

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Chinatsu kò túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà ti rí ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Ojú tì mí, Perpetua. Nínú bọ́ọ̀sì, mo bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló wà lábẹ́ akoto yẹn, kó má jẹ́ pé inú ẹranko ni yóò máa rò ó sí títí yóò fi kú.

Bàbá rẹ ti múra sílẹ̀. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń lọ sí Máàsì, wọ́n sì ti fi òróró àgbọn nu agbárí náà títí ó fi ń dán. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà àtíbàbà bí wọ́n ṣe máa ń jókòó. Bí Terrence ṣe gbé kámẹ́rà sókè, àṣà bàbá rẹ bá dé. O mọ ihò róbótó tó wà láàárín eyín òsì agbárí náà, tòkè tìsàlẹ̀. Wọ́n ti ki sìgá bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó rántí ẹni tó dúró lẹ́yìn wọn. Wọ́n yára yọ ọ́. Wọ́n ṣí akoto kúrò, wọ́n sì gbé agbárí náà fún ìyá náà.

Ó tẹrí ba fún un, ó tẹ́ aṣọ funfun sí ọwọ́, ó sì gbà á. Mo ń retí ẹkún. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, ó sì ń wo eyín rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣe dókítà eyín. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí bàbá rẹ jọ̀wọ́ la ẹnu. Bàbá rẹ rò pé àṣà ilẹ̀ wọn ni, wọ́n la ẹnu. Ó ní kí èmi náà la tèmi. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, Chinatsu sì túmọ̀ rẹ̀.

"Ìyá mi àgbà ní ẹni tó jẹ èso pupa yín láti kékeré ló ní eyín yìí. Wọ́n ní wọn kì í jẹ ẹ́ nílẹ̀ wa. Wọ́n ní bàbá àwọn kọ́. Ẹni yín ni."

Bàbá rẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n tún wá bínú. "Torí eyín pupa? Kí ló wà nínú ìyẹn? Ṣebí gbogbo èèyàn leyín wọn pupa."

"Gbogbo ta ni, Venansio?" Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Lọ́jọ́ yẹn, ojú tiwa ni kò ríran. Láràárọ̀ ni a ń wo eyín yẹn, kò sì sí ẹni tó ṣe kàyéfì, torí bí bilinati, èso pupa tí a ń fi ẹfun jẹ, ṣe sọ ẹnu tiwa náà dà nìyẹn. Ẹni tí eyín rẹ̀ funfun nìkan ló lè rí i.

Màmá ní kí wọ́n gbé e wá fún àwọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí i, wọn ò fọwọ́ kàn án rí; òkú ọ̀tá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá eyín òsì kàn, wọ́n ki ìka bọ inú ihò róbótó yẹn, ó sì bá a mu rẹ́gí. Wọn ò yọ ọ́. Wọ́n ní, "Èmi ni mo máa ń fi ẹyin iná sí ìkòkò tábà wọn. Ọ̀pá rẹ̀ ló jẹ ihò yìí sí wọn léyín; èmi ni mo máa ń kì í bọ̀ ọ́."

O ti gbọ́ ìtàn bàbá àgbà lẹ́nu wọn rí: bó ṣe lọ bá àwọn sójà Amẹ́ríkà ru ẹrù, bó ṣe ṣèlérí pé òun á dé kí ìyá àgbà tó bí oyún tó wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ ni oyún yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Màmá nígbà náà. Àfonífojì ẹ̀yìn oko wa ni bàbá àgbà kú sí, kò jìnnà sílé tó ìbúsọ̀ kan.

"Venansio," ni Màmá wí, "bàbá rẹ rèé. Wá gbà wọ́n."

Sìgá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ bàbá rẹ. Terrence fúnra rẹ̀ bọ́ kámẹ́rà kúrò lọ́rùn, ó sì jáde lọ dúró sínú oòrùn.

Chinatsu wá sọ pé ìyá òun àgbà tọrọ àforíjì, pé ẹkún ni wọ́n wá sun, wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí báyìí. Màmá ní, "Sọ fún un kó sun ún síbí. Ó pẹ́ tí bàbá wa ti ń dúró nípò tiẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwa náà ò mọ bí a ṣe máa bẹ̀rẹ̀." Ìyá náà kúnlẹ̀ tì wọ́n, àwọn méjèèjì sì jọ di agbárí náà mú. Mi ò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Ìyá Japan náà ló fi aṣọ funfun rẹ̀ wé bàbá àgbà. Mo ní kí n bu erùpẹ̀ àfonífojì sínú àpótí fún un, ó ní rárá. Ó ní ìyá òun gba òkúta, òun kò ní gba erùpẹ̀. Òfìfo ni àpótí náà bá a padà sílé.

Àná ni a sin bàbá àgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà. Fadá wá, a pa ẹlẹ́dẹ̀ méjì. Bàbá rẹ nìkan ló gbẹ́ ilẹ̀ náà, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn. Màmá to bilinati, ewé àti ẹfun tì í. Orí nìkan ni a rí sin. Láti ọjọ́rú ni bàbá rẹ ti ti àtíbàbà pa, tí wọ́n ń lọ sí àfonífojì láti àárọ̀ dọ́sàn-án, tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá ara bàbá àgbà tó kù ni wọ́n ń wá, tàbí bàbá ìyá Japan yẹn. Wọ́n ní, "Mo gbọ́."

Bá mi kí Ruben. Fi ẹnu ko Lusia lẹ́nu fún mi, má sì sọ nǹkan kan fún un títí wàá fi mọ bí wàá ṣe sọ ọ́.

Ohun tí bàbá rẹ kò lè kọ nìyí. Fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀ rẹ, èyí tí ìwọ àti Ruben yà nígbà tí ẹ wá ṣe Kérésìmesì, tí ẹ gbé orí bàbá àgbà sáàárín, tí sìgá wà lẹ́nu wọn, tí gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ ní kí o sun ún. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá gbọ́ bí mo ṣe ń kà á sókè, wọ́n sì ní kí n pa á rẹ́. Wọ́n ní má sun ún, má sì gé ibì kankan lára rẹ̀. Wọ́n ní kí o fi í ránṣẹ́ sí àwọn, torí kò sí fọ́tò mìíràn tí bàbá àwọn yà láyé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń rò ọ́ nígbà gbogbo,

Filomena.