Ẹ̀yìn Mi Ni Wọ́n Ń Dá Lẹ́bi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má wá orúkọ mi, ìyá aránṣọ ni mí.

Ọ̀mọ̀wé tó wá sórí ètò rédíò yín ní ìyá tó bá fa ọmọkùnrin mọ́ra jù ló ń jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ máa fà sí ọkùnrin. Bí àbígbẹ̀yìn mi ṣe rí nìyẹn, mi ò sì tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbọ́ yín, ó tú ọmọkùnrin rẹ̀ kúrò lẹ́yìn mi.

“Màmá, ẹ ti pọn ọ̀kan bàjẹ́. Ẹ fi tèmi sílẹ̀.”

Ọ̀já tí mo fi pọn àbúrò rẹ̀ náà ni mo fi pọn òun fúnra rẹ̀.

Mò ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà láti ìdí máṣíìnì mi. Mi ò ní bẹ ọmọ tí mo bí. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi bi í, torí ó ń gbọ́ yín: òun náà ìyá ni, ta wá ni kó gbé e?