Pẹ́pẹ́yẹ Kérésì àti Ọmọ Mi Tí Kò Sanra

Bàbá mi tí mò ń ṣàárò,

Ẹ ǹlẹ́ níbi tí ẹ wà o. Láàárọ̀ yìí ni mo já ọmọ mi gbà lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi. Kò sí ẹni tí mo lè ṣàlàyé fún tó máa yé, àfi ẹ̀yin. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ẹ ò mọ Ìbùkún. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí a sin yín ni mo bí i, ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń di ẹsẹ̀ àga mú dìde, ṣùgbọ́n kò sanra. Nọ́ọ̀sì ní ara rẹ̀ le, pé kí n ní sùúrù. Sùúrù wo? Gbogbo ẹni tó bá ti gbé e ló máa ń ní, "Ọmọ yìí mà fúyẹ́ o!" Bàbá, aṣọ méjì ni mo máa ń wọ̀ fún un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó lè dà bí ẹni tó tóbi.

Ọjọ́ Ẹtì ni Màmá, ìyá ọkọ mi, dé láti Igbotako pẹ̀lú púpúrú ẹ̀gẹ́ àti ẹja gbígbẹ. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wò mí. "Ìyàwó, ẹ̀yin oníwèé, ẹ fi ṣíbí ń bẹ ọmọ. Rírọ là ń rọ ọmọ! Bí mo ṣe rọ ọkọ rẹ nìyẹn, ṣé kò wá tóbi bí ilẹ̀kùn?" Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ti dé.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n tẹ́ Ìbùkún sí itan, wọ́n ká àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, wọ́n ń da ẹ̀kọ sí i, wọ́n sì fún imú rẹ̀ pọ̀. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Ibẹ̀ ni mo ti rí yín.

Mo rí yín lẹ́yìn ilé wa ní Erinje, bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, tí ẹ fi orúnkún há pẹ́pẹ́yẹ, àrọ ẹlẹ́nu gígùn lọ́wọ́ yín, àgbàdo sísè nínú abọ́. Òyìnbó Faransé tó wá tún ẹ̀rọ epo ṣe, tí ẹ ń dáná fún nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ọ́, ló kọ́ yín. Bí àlọ́ lẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún mi: pé pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn ni tiwọn, pé àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ ló kọ́kọ́ rí i pé ẹyẹ náà máa ń dédé jẹ àjẹyó kó tó fò lọ sọ́nà jíjìn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ rọ ọ́, pé ọ̀pọ̀tọ́ ni àwọn ará Róòmù ń fún un, kí àgbàdo tó ti òkè òkun dé oko àwọn Faransé. Àwọn ìyá àgbà ló ń ṣe é nínú ilé wọn. Wọ́n á tọ́jú ẹran sínú ọ̀rá rẹ̀ nínú ìkòkò amọ̀ títí òtútù á fi lọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tí rírọ náà ti mú tóbi sì ni oúnjẹ Kérésì.

Ṣùgbọ́n ẹ kì í rọ ọ́ láìkọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ wò. Bí oúnjẹ àná bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó tú u sílẹ̀. "Èyí ti sọ tirẹ̀." Ẹ kì í bá a jiyàn.

Ìbùkún sín ẹ̀kọ jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo já a gbà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó."

"Ta ló ní ó tó?"

"Ọmọ náà ni, Màmá."

"Hẹ̀n! Ọmọ oṣù mẹ́jọ ti ń rán ìyá rẹ̀ níṣẹ́." Wọ́n gbé abọ́ wọn, wọ́n wọlé. Màá lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n nítorí jíjá tí mo já a, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e padà sórí itan yẹn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Bí kò bá sanra ńkọ́?

Bàbá, kì í ṣe nítorí Ìbùkún nìkan ni mo fi já a gbà.

Ṣé ẹ rántí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn àìsàn yín? Ẹ yí ojú sí ògiri. Mo di àgbọ̀n yín mú, mo ń ti ṣíbí bọ̀ yín lẹ́nu, mo ń ní kí ẹ jẹun kí ẹ lè rí ọmọ inú mi. Ẹ̀kọ ń ṣàn gba irùngbọ̀n yín. Ẹ wò mí, ẹ gbé e mì. Ṣé ó dùn yín? Ṣé nítorí mi lẹ fi gbé e mì? Nígbà ìsìnkú, gbogbo ènìyàn ń yìn mí pé mo tọ́jú bàbá mi. Mi ò lè gbé ojú sókè.

Ẹ dárí jì mí. Ebi ò pa yín mọ́ nígbà náà. Èmi ni mi ò tíì fẹ́ kí ẹ lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó ṣì ń pè yín láàárọ̀ kó tó rántí.