Apá Ẹ̀wù Tí Mo Gé

Ọkàn mi ò balẹ̀, Bàbá wọn. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo fà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí n tó kí yín.

Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa ni mo ti ń rí i tó ń wọ ẹ̀wù alápá gígùn lọ kan òrùlé nínú oòrùn ganrínganrín. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé apá ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ṣẹ́ etí wọn dáadáa, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, ẹ ṣé."

Ní báyìí, awọ apá rẹ̀ ń bó. Ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lórí òrùlé ni, wọ́n sì gbé e sọ̀kalẹ̀. Kò le rárá o. Ọ̀gá wọn kàn ní kó sinmi títí oṣù yóò fi parí ni. Ó tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní èmi ni télọ̀ tí oòrùn gbà síṣẹ́.

Ṣùgbọ́n báwo ni aṣọ tó bo èèyàn ṣe ń tù ú lára nínú ooru? Ẹ̀yin náà, ní gbogbo ọdún tí ẹ fi ṣe bíríkìlà, ẹ ò bọ́ ẹ̀wù alápá gígùn yẹn rí. Nítorí eruku ni mo rò pé ẹ ṣe ń wọ̀ ọ́. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Mo fẹ́ rán apá àwọn ẹ̀wù náà padà. Ṣé aṣọ fẹ́lẹ́ ni, àbí èyí tó nípọn? Ṣé kó fún un lára, àbí kó ṣò? Mo gbé àlùmọ́gàjí, mo tún gbé e sílẹ̀.

Mo kí yín, mo kí àbúrò rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí mi kí oṣù tó parí.